Èémí àti ohùn inú: ṣé dandan ni kéèyàn sé èémí kó tó gbọ́ ọ?

Akẹ́kọ̀ọ́Èémí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn oníyógà ní ohùn kan wà nínú ara tí kò sẹ́ni tó ń lù ú, tí kò sẹ́ni tó ń fọn ọ́n. Nada ni wọ́n ń pè é. Ní ìdájí, mo máa ń fi ihò imú kọ̀ọ̀kan mí: mo ń fà á sínú fún kíkà 4, mo ń sé e fún 16, mo ń tú u jáde fún 8, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, màá fi àtàǹpàkò dí etí fún ogún ìṣẹ́jú. “Ṣííí” nìkan ni mò ń gbọ́, apá òsì ló sì ti ń wá. Òòyì ń kọ́ mi, ó sì ń ṣe mí bíi pé èèrà ń rìn lórí ìka mi. Ẹnìkan ní ohùn òsì kò dára. Ẹlòmíràn ní àrùn etí ni. Ẹnìkẹta ní kí n sọ 16 di 32. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

---

ÀgbàYógà

Àbúrò, má sọ ọ́ di 32. Àní 16 yẹn gan-an, gbé e sílẹ̀ láti òní lọ.

Ìwọ náà ṣírò rẹ̀ wò. 4 àti 16 àti 8 já sí 28. Bí kíkà kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí méjì péré lò ń mí láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí tó ìgbà 12 sí 20. Ìwọ̀n ọ̀kan sí mẹ́rin sí méjì wà nínú yógà lóòótọ́, àmọ́ ibi tí ẹni tó ti pẹ́ nínú ẹ̀ ń bá a dé ni, a kì í ti ibẹ̀ gbéra. Svatmarama tó kọ ìwé yógà tí wọ́n ń pè ní Hatha Yoga Pradipika ní ọ̀rúndún 15 kò fi bò rárá: ó ní bí a ṣe ń tu kìnnìún, erin àti ẹkùn lójú díẹ̀díẹ̀ ni kí a ṣe tu èémí lójú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pa ẹni tó ń ṣe é.

Ní ti òòyì àti èèrà orí ìka, ohun tó sábà máa ń fà á ni ohun tó ń tẹ̀lé sísé èémí. Ẹni tó bá sé e kọjá agbára rẹ̀, bó bá ti ṣí i, á já jáde fòò, á sì tún gba òmíràn gbàmù. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á sún kì, òòyì á dé, ìka á máa ta, etí pàápàá á máa hó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé híhó yẹn lo jókòó tì fún ogún ìṣẹ́jú.

Bó ṣe yẹ kó o ṣe é nìyí. Jókòó kí ìdí rẹ ga ju orúnkún lọ. Bí ilẹ̀ lo bá jókòó sí, ká aṣọ ìbora sí mẹ́rin kó o fi sábẹ́ ìdí. Bí orúnkún bá ń dùn ọ́, lo àga. Fun imú kó mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún lò ń lò: ká ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín sínú àtẹ́lẹwọ́, àtàǹpàkò á wà fún ihò ọ̀tún, ìka tó ṣáájú ọmọńdinrín á wà fún ti òsì. Fọwọ́ bà á wò: ibì kan wà lára imú tí egungun parí sí, tí ẹran rírọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kó o tẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ le, àárín imú á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì dín ihò tó o fẹ́ lò kù.

Dí ọ̀tún, fa èémí gba òsì fún kíkà 4. Dí òsì, ṣí ọ̀tún, tú u jáde fún 6. Fà á gba ọ̀tún kan náà fún 4, tú u gba òsì fún 6. Ẹyọ kan nìyẹn. Méje ti tó fún ọ̀sẹ̀ kìíní. Kò sí sísé rárá. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ìparí èémí tó ń jáde bá ṣì rọra bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sún un dé 5 àti 10.

Di fọ́nrán òwú kan mú níwájú imú nígbà tó o bá ń tú u jáde: bí òwú náà bá fò, èémí rẹ ṣì le. Bí èémí tó kàn bá sì já wọlé gìrì, kíkà tó o yàn ti pọ̀ jù fún ọ. Ohun kan náà ni ejìká tó ń gòkè àti eyín tó ń fún pọ̀ ń sọ. Dín kíkà kù.

---

OníṣègùnEtí

Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti etí.

“Ṣííí” yẹn kì í ṣe àrùn kìkì nítorí pé a gbọ́ ọ, kò sì túmọ̀ sí pé a ti débì kankan. Ní 1953, àwọn olùwádìí méjì, Heller àti Bergman, mú 80 èèyàn tí etí wọn dá ṣáṣá wọ yàrá tí ariwo kì í wọ̀, wọ́n ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. 94 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́ nǹkan. Etí àti ọpọlọ kì í dákẹ́. Ariwo ìta ló ń bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ẹni tó fi àtàǹpàkò dí etí ń gbọ́ ohun mẹ́ta, ó kéré tán, ó sì yẹ kó mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni ìró tó ń rìn nísàlẹ̀ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lókèèrè. Iṣan apá àti ọwọ́ tó ń gbé àtàǹpàkò dúró ló ń gbọ̀n, bí ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ gbé ìgúnpá lé tábìlì, kí ẹ jẹ́ kí apá rọ̀: ìró náà á rẹlẹ̀. Ẹ fún eyín pọ̀: á tún pariwo sí i. Èkejì ni “gbì, gbì” ọkàn àti hóró-hóró èémí, tó ń gba inú egungun wá, tí kò sì rí ibi jáde nítorí pé a ti dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni “ṣííí” tín-ín-rín tí kì í yí padà, bí apá rọ̀ bí kò rọ̀.

Ọ̀pọ̀ tó bá sọ fún yín pé àwọn ń gbọ́ àrá tàbí òkun ní ọjọ́ kìíní, èkíní yẹn ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ fi fóòmù tí wọ́n fi ń dí etí rọ́pò ìka, ẹ ó rí i pé “àrá” ti dínkù gan-an.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa wo ohun tó ń lò pẹ̀lú. Kuníìnì tí wọ́n ń fún ẹni tí ibà dá wólẹ̀ máa ń mú etí hó, asipirín púpọ̀ náà ń ṣe é. Ìdọ̀tí etí tó ti gbá jọ lè fà á, pàápàá bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo. Ẹ má fi igi olówùú tì í wọlé, ńṣe ló máa ń rọ́ ọ mọ́ ògiri inú.

Ibi tí mi ò ti ní gba àwíjàre ẹnikẹ́ni nìyí: hó-hó tó ń wá láti etí kan ṣoṣo tí kò lọ, èyí tó ń lu pọ̀ mọ́ ọkàn, àti etí tó dédé di láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ẹ̀kẹta, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wá dókítà lọ, nítorí oògùn tó lè dá etí padà kì í fẹ́ ìdádúró.

---

ỌmọHU

Ẹ̀gbọ́n ÀgbàYógà, ẹ má bínú o. Kí ló kan imú nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn kan wà ní Íńdíà tí gbogbo ẹ̀sìn wọn dúró lórí ohùn inú, tí wọn kì í fọwọ́ kan èémí. Ní Agra, Shiv Dayal Singh bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní gbangba ní 1861, ibẹ̀ ni ẹ̀sìn ohùn inú tí wọ́n ń pè ní Radha Soami ti ṣẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ti Beas ní Punjab bẹ̀rẹ̀ ní 1891. Wákàtí méjì ààbọ̀ lójúmọ́ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọlẹ́yìn: wọ́n á kọ́kọ́ máa pe orúkọ nínú ọkàn, kí ọkàn wà láàárín ojú méjèèjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́tí. Èémí á máa lọ bó ṣe ń lọ. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ yé mi: ẹni tó bá ń ka èémí, èémí ló ń gbọ́.

Ọ̀nà yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ẹ̀sìn Eckankar tí Paul Twitchell dá sílẹ̀ ní 1965 ti ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà, Twitchell sì ti kọ́kọ́ jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kirpal Singh tó wà nínú ìlà ohùn yẹn. “HU” tí wọ́n ń kọ lórin, ẹ kàn mí sínú bó ṣe wù yín, kí ẹ fà á jáde gùn títí èémí fi tán, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ká dí imú, kò sí ká ka nǹkan kan. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ tẹ́tí.

Ní ti òsì àti ọ̀tún, àwọn ará Radha Soami ní kéèyàn má tẹ̀lé ti òsì. Lójú tèmi, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa kò purọ́.

---

ÀgbàYógà

ỌmọHU, mi ò bínú. Àmọ́ tún ohun tó o sọ yẹn gbọ́: “kí ẹ fà á jáde gùn títí èémí fi tán.” Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ èémí? Ẹni tó bá kọ HU fún ogún ìṣẹ́jú ti fi ogún ìṣẹ́jú mú kí ìtújáde gùn ju ìfàsínú lọ. Ohun tí mo fi 4 àti 6 ń wá nìyẹn. Orúkọ nìkan la yí padà.

Níbi tí mo ti gbà pẹ̀lú rẹ ni pé a kò gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀. Nígbà tí a bá ń tẹ́tí, kíkà ti parí. Ìwé Svatmarama gan-an pín in bẹ́ẹ̀: orí kejì ni èémí wà, orí kẹrin ni nada wà. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni ti ẹni tó sé èémí, tó dí etí, tó sì ń wá ohùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà tó ń bẹ̀bẹ̀ fún afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí etí gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ní ti ọ̀tún, ó wà nínú ìwé yẹn náà: ó ní kí a fi ọkàn kan gbọ́ ohùn inú ní etí ọ̀tún. Kò sọ pé ti òsì jẹ́ ibi. Ẹni tó “ṣííí” ń wá sí lápá òsì, kí ó má bà á jà. Kó gbé ọkàn sí àárín orí, lókè àjà ẹnu, kó máa tẹ́tí níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sápá ọ̀tún. Fífi ipá lé ohùn òsì jáde máa ń mú un le sí i, nítorí ohun tí a bá ń ṣọ́ ni ọpọlọ ń gbé ga.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀lé àwọn ohùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù. Svatmarama tò wọ́n: ní ìbẹ̀rẹ̀, òkun, àrá inú ìkùukùu, ìlù ńlá, aro, ní àárín, ìlù olójú méjì, ìkarahun òkun tí wọ́n ń fọn, agogo, ìwo, ní ìparí, ṣaworo, fèrè ọparun, ohun èlò olókùn tín-ín-rín tó fẹ́ jọ gòjé, àti oyin. Àwọn èèyàn á wá sọ ọ́ di àtẹ̀gùn: “mo ti dé agogo, ó ku fèrè.” Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Gheranda Samhita, ìwé yógà mìíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìrẹ̀ ló fi ṣe àkọ́kọ́ níbẹ̀, fèrè tẹ̀ lé e, àrá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé! Ìwé méjì, àtẹ̀lé méjì. Akẹ́kọ̀ọ́Èémí, “ṣííí” rẹ yẹn jọ ti ìrẹ̀ alẹ́ gan-an.

Svatmarama fúnra rẹ̀ ló sì tú okùn náà. Lẹ́yìn tó to gbogbo rẹ̀ tán, ó ní bí ìlù ńlá bá tilẹ̀ ń dún, kí a máa wá èyí tó tín-ín-rín jù nínú rẹ̀. Ọkàn lè ti orí èyí tó tóbi bọ́ sí èyí tó kéré, tàbí kó padà, kó ṣáà má kúrò nínú ohùn. Ohùn èyíkéyìí tí ọkàn bá kọ́kọ́ so mọ́, ibẹ̀ ni yóò ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó mọ gbólóhùn yìí kò ní fi ọdún mẹ́ta wá fèrè.

---

ÌyáOlóyin

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo yín fo afárá tó wà láàárín, ìyẹn kíkùn bí oyin. Bhramari lorúkọ rẹ̀.

Ọmọ mi, jókòó bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Pa ètè dé, kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ má kan ara wọn, kí ahọ́n dùbúlẹ̀. Mí sínú gba imú fún kíkà 4. Bó o bá ti ń tú u jáde, kùn “mmmm”, ohùn kan, má gbé e sókè, má sọ ọ́ kalẹ̀. Wá ohùn tí wàá fi gbọ́ gbígbọ̀n lára egungun imú àti àárín iwájú orí. Bó bá jẹ́ ọ̀fun nìkan ló ń gbọ̀n, ohùn rẹ ti wálẹ̀ jù. Bí ọ̀fun bá ń hàn ọ́ gooro, ó ti ga jù. Dá a dúró kí èémí tó tán pátápátá: kíkùn tó bá ń gbọ̀n rìrì ní ìparí ti kọjá ààlà. Méje, kó o dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Méje mìíràn. Lẹ́yìn náà, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìdákẹ́ yẹn ni iṣẹ́. Kíkùn mú etí mọ ohun tó ń ti inú wá; bó bá ti dáwọ́ dúró, etí ṣì ń nà sápá ibẹ̀, ohun tín-ín-rín tó wà lábẹ́ rẹ̀ á wá yọ. Ẹni tó bá kùn tán, tó sì dìde lọ gbálẹ̀, ó se ọbẹ̀ tán ni, kò jẹ ẹ́.

Àríyànjiyàn kan wà o. Ìwé àtijọ́ ní kí ìfàsínú náà ní ohùn, ti akọ oyin, kí ìtújáde jẹ́ ti abo. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ òde òní ti yọ ìfàsínú olóhùn kúrò, mo sì fara mọ́ wọn: ó máa ń dà bí ìhanrun, ó máa ń ta ọ̀fun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó sì ní ohun tí kíkùn ń ṣe nínú imú. Àwọn olùwádìí Weitzberg àti Lundberg ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Karolinska, Stockholm, wọ̀n ọ́n ní 2002: nitric oxide, irú afẹ́fẹ́ kan tó ń jáde láti imú, nígbà tí èèyàn ń kùn fi ìlọ́po 15 ju ti ẹni tó ń mí jẹ́ẹ́ lọ. Gbígbọ̀n ohùn ló ń gbọn afẹ́fẹ́ jáde láti inú àwọn ihò tó wà nínú egungun ojú.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí kò sí nínú ìwé: má so gèlè mọ́lẹ̀ bo etí. Má ṣe é ní kété tó o jẹun tán, jẹ́ kó pé wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀wà alẹ́ tó kún ikùn kì í jẹ́ kí èémí sọ̀kalẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún, yàgò fún wákàtí yẹn. Aago mẹ́rin ìdájí, kí ìpè àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, ló máa ń dákẹ́ jù láàárín ìlú. Má sì fi ẹ̀rọ etí olórin sùn, kó o wá jí láti tẹ́tí.

---

OníṣègùnEtí

Ìyá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ kìlọ̀ nípa dídí ojú, imú, etí àti ẹnu pa pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní shanmukhi. Wọ́n ń kọ́ni pé kí àtàǹpàkò wà ní etí, ìka ìlábẹ̀ lórí ìpéǹpéjú, ìka àárín lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ìka kẹrin lókè ètè, ọmọńdinrín lábẹ́ ètè.

Àtàǹpàkò kò gbọ́dọ̀ wọnú ihò etí. Ẹran kékeré tó yọ síwájú ihò náà ni kí ẹ tì bò ó. Ìka ojú kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹyinjú rárá: títẹ̀ ẹ́ lè mú ọkàn lù lọ́ra lójijì débi pé èèyàn á dákú, ẹni tó sì ní glaucoma (àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́) tàbí tó wọ awò inú ojú lè ba ojú jẹ́. Kí ìka gúnlẹ̀ sí egungun ìsàlẹ̀ ojú. Ẹ fi imú sílẹ̀ ní ṣíṣí. Aláboyún, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí wárápá, kí ó má sé èémí rárá.

---

ÀgbàYógà

Èmi náà kì í ní kí wọ́n dí imú. Àmọ́ mi ò gbà pé kí a ju shanmukhi nù. Fún ẹni tó wà ní ilé elérò púpọ̀, ọwọ́ tó bo ojú àti etí ni yàrá kan ṣoṣo tó ní.

---

Akẹ́kọ̀ọ́Èémí

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbọ́: kò sí sísé mọ́. Ohun méjì ló kù. Bí ohùn náà bá pòórá láàárín ìjókòó ńkọ́? Àti pé, nígbà mìíràn tí mo bá ń gbọ́ ọ dáadáa, èémí mi máa ń kéré débi pé ẹ̀rù ń bà mí, mo sì máa ń já a gbà.

---

ÌyáOlóyin

Ó máa ń pòórá nígbà tó o bá sún iwájú orí kì láti wá a. Tú iwájú orí sílẹ̀, jẹ́ kí àgbọ̀n rọ̀, kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó o tún dákẹ́. Bí kò bá padà, o ti jókòó náà nìyẹn, dìde.

---

ÀgbàYógà

Èémí tó kéré fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ipá sé. Ara tó rọ̀ kò béèrè púpọ̀. Bí ẹ̀rù bá dé, má já a gbà. Gbé ọwọ́ kan lé ikùn, lábẹ́ ìdodo. Wàá rí i pé ó ṣì ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀, bí ikùn ọmọ tó ń sùn. Bó o bá ti rí ìyẹn, gbọ́wọ́ kúrò, padà sí ohùn.

Kó tó di ọ̀la, lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí òsì yẹn wò.

---

OníṣègùnEtí

Kí o sì mú orúkọ gbogbo oògùn tó o lò ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn dání, títí kan ti ibà.